Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn: lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn pásítọ̀, wòlíì àti ààfáà ìlú Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa nínú Olúwa, ẹ̀yin ààfáà wa àgbà, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ Ọlọ́run, ẹ sì kú ìfaradà àwa ọmọ ìjọ àti ọmọ jàmáà. Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn tí ọkàn wọn ń ṣàárẹ̀ ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ iṣẹ́ mi.

N kò kọ ìwé yìí sí ìjọba, nítorí pé ọ̀dọ̀ ìjọba kọ́ ni àwọn ará ìlú wa ń kọ́kọ́ gbé ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lọ. Ọ̀dọ̀ yín ni. Bí ìyàwó ilé kan ní Asero bá ti ń sùn sílẹ̀ láìdìde fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pásítọ̀ ni wọ́n máa pè. Bí ọmọ yunifásítì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láìsinmi, tó ń há owó ilé-ìwé rẹ̀ fún àwọn ọlọ́kadà ní Pánṣẹ́kẹ́, ààfáà ni bàbá rẹ̀ máa sáré lọ bá. Kí wọ́n tó dé ọsibítù ọpọlọ ní Aró tàbí Lántòrò, wọ́n á ti gbààwẹ̀, wọ́n á ti ṣe àìsùn, wọ́n á ti lé ẹ̀mí àìmọ́, oṣù á sì ti gorí oṣù. N kò bá yín jà lórí èyí. Ẹ sún mọ́ wọn jù wá lọ, ẹ kì í béèrè káàdì, ẹ kì í sì í tilẹ̀kùn lálẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ohun tí ẹ bá sọ fún wọn, àti ohun tí ẹ bá ní kí wọ́n ṣe láàárín oṣù wọ̀nyẹn, máa ń wọ inú àìsàn náà lọ. Ó lè dẹ̀ ẹ́. Ó sì lè mú un le sí i.

Ojú méjì ni àìsàn yìí ní. Ní ojú kìíní, èyí tí à ń pè ní ìrẹ̀wẹ̀sì, ọkàn á wálẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: oúnjẹ ò wù ú, iṣẹ́ ò wù ú, oorun ò lọ déédéé, ara wúwo, ẹni náà á máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ní ojú kejì, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní mania, ara á gbóná sódì fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán: ọ̀rọ̀ ń já lu ara wọn, ó ń ná owó bí omi, oorun wákàtí méjì péré ti tó, kò sì sí ohun tí ẹni náà kò lè ṣe lójú ara rẹ̀. Ojú kìíní nìkan ni àwọn kan ń rí. Àwọn tó ń rí méjèèjì ni wọ́n ń sọ pé wọ́n ní bipolar. Ó máa ń rìn nínú ẹbí, ọpọlọ àti ẹ̀jẹ̀ sì ní ọwọ́ nínú rẹ̀, nítorí náà n kò wá sọ pé èrò lásán ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn ń rò nípa ara rẹ̀, ohun tó pàdánù, ohun tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, àti ohun tí àwọn tó yí i ká ń sọ sí i wà lára ohun tó ń pinnu ìgbà tí àìsàn náà máa dìde àti bí yóò ṣe pẹ́ tó. Apá yẹn ni ó kàn yín.

Aaron Beck, dókítà kan ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, ṣàkíyèsí ní àwọn ọdún 1960 pé èrò mẹ́ta ló ń yí po lórí àwọn aláìsàn rẹ̀ tí ọkàn wọn wálẹ̀: èmi kò wúlò, ayé kò fẹ́ mi, ọ̀la kò ní sàn ju òní lọ. Wọn kì í jókòó ro ó kí wọ́n tó gbà bẹ́ẹ̀. Èrò náà á já wọlé fúnra rẹ̀, wọ́n á sì gbà á bí òótọ́ tí kò nílò ẹlẹ́rìí. Ọkọ kò gbé fóònù lẹ́ẹ̀kan, ìyàwó ti parí ẹjọ́: mo ti sú u, ó tọ́ kí n sú u, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa rí títí ayé.

Ẹ wá wo irú ọkàn bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wàásù pé ẹni tí kò bá láyọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ ló ń dà á láàmú. Àwọn tí ara wọn le á ṣe àmín, wọ́n á sì lọ jẹ ìrẹsì ọjọ́ Ìsinmi. Ẹni tí mò ń sọ yìí á gbé e délé. Yóò wá ẹ̀ṣẹ̀ náà, yóò sì rí i, torí ta ni kò ní? Ohun tó ṣe nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Oyún tó bàjẹ́. Ìyá tó kú kí òun tó dé ọsibítù. Dídá ara ẹni lẹ́bi láìnídìí wà lára àmì àìsàn mẹ́sàn-án tí àwọn dókítà fi ń dá a mọ̀. Bí ẹ bá wá tún bù kún un, ẹ ń fi oúnjẹ fún àìsàn náà ni. Bí ẹ bá sì ní kí ó lọ tìlẹ̀kùn mọ́ra fún ọjọ́ mẹ́ta kí ó fi yẹ ara rẹ̀ wò, ẹ wò ó bóyá kì í ṣe àyè ni ẹ fún un láti máa ro ohun kan náà lọ, kí ó máa rò ó bọ̀. Susan Nolen-Hoeksema, onímọ̀ ọkàn kan ní Amẹ́ríkà, ti fi hàn láti ọdún 1991 pé ẹni tó bá ń yí ọ̀rọ̀ "kí ló ń ṣe mí, kí ló dé tí mo rí báyìí" nínú orí, ìbànújẹ́ rẹ̀ máa ń pẹ́ ju ti ẹni tó fi ọwọ́ kan nǹkan mìíràn lọ. Ẹ fún un ní iṣẹ́ kékeré. Kí ó wá bá yín to àga, kí ó bá àwọn ìyá ṣa ẹ̀wà tí a fẹ́ sè fún òkú ọ̀túnla. Kò ní wù ú. Ẹ má retí kí ó wù ú kó tó ṣe é. Nínú àìsàn yìí, ṣíṣe ló ń ṣáájú wíwù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìtàn Èlíjà fún wa, ẹ rántí ọjọ́ tó sá wọ aginjù tó sì ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì tó tọ̀ ọ́ wá kò bi í ní ẹ̀ṣẹ̀. Oúnjẹ àti omi ló gbé fún un, Èlíjà jẹ, ó mu, ó tún sùn, áńgẹ́lì náà sì tún pa dà wá fún un ní oúnjẹ. Ìgbà tó yá ni Ọlọ́run tó bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọ̀tá ilé bàbá, torí ibẹ̀ ni èmi àti púpọ̀ nínú yín kì í ti í gbọ́ra yé. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan fi ẹ̀kọ́ àwọn onímọ̀ ọkàn gbè yín níbí. Ní ọdún 1978, Abramson, Seligman àti Teasdale kọ ọ́ pé ẹni tó bá gbà pé ibi tó dé bá òun, ọwọ́ òun ló ti wá, kò ní tán, kò sì sí ibi tí kò ní dé nínú ayé òun, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló ń tètè rẹ̀wẹ̀sì. Àwọn kan wá ní bí wòlíì bá sọ pé ìyá àgbà kan ní abúlé ló wà nídìí rẹ̀, ìyẹn á gba aláìsàn náà lọ́wọ́ ẹ̀bi ara rẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, mo gbà. Mo ti rí ojú tó tú ká nígbà tí wọ́n sọ fún un pé kì í ṣe ẹjọ́ òun.

Àmọ́ ẹ̀bi nìkan ló kúrò. Èyí tó kù wà níbẹ̀, ó sì ti wúwo sí i: ọ̀tá náà kì í sùn, kò sí ibi tí kò lè dé, ọwọ́ aláìsàn kò sì ká a. Seligman yìí kan náà àti Steven Maier ti ṣe àyẹ̀wò kan ní ọdún 1967 pẹ̀lú àwọn ajá. Wọ́n fi iná mànàmáná ta wọ́n, kò sì sí ohun tí ajá náà lè ṣe tí yóò fi dáwọ́ dúró. Nígbà tí wọ́n wá gbé wọn síbi tí wọ́n ti lè fò kúrò, púpọ̀ nínú wọn dùbúlẹ̀, wọ́n ń jẹ ìyà lọ. Ẹni tí ẹ bá sọ fún pé kò sí ohun tí òun fúnra rẹ̀ lè ṣe, àfi kí ó máa wá sọ́dọ̀ yín títí tí ọ̀tá á fi kú, ẹ ń kọ́ ọ láti dùbúlẹ̀ ni.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn mí jù. Ìyá àgbà tí wọ́n dárúkọ yẹn, ta ni? Lọ́pọ̀ ìgbà, àǹtí tó sún mọ́ ọn jù ni, ìyá ọkọ tó ń bá a wẹ ọmọ, orogún ìyá rẹ̀ tó ń gbé ọbẹ̀ wá láti Lafẹ́nwá. Láti ọjọ́ tí ẹ bá ti dárúkọ rẹ̀, kò ní jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́, kò ní finú hàn án mọ́. George Brown àti Tirril Harris ṣèwádìí láàárín àwọn obìnrin Camberwell ní London, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1978: nínú àwọn tí àdánù ńlá bá, ẹni tí kò ní ẹnì kan pàtó tó lè finú hàn ló ṣeé ṣe jù kí ó ṣubú sínú àìsàn. Ẹ ò wa rí i bí? Ẹ lé ọ̀tá kan lọ, ẹ sì gba alágbàtọ́ lọ́wọ́ aláìsàn.

Ìtìjú náà ń pa ènìyàn. Obìnrin tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, tó yá owó gbómúlélántà, tí ọjà kò lọ, tí àwọn agbowó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láàárọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń wò: àdánù owó nìkan kọ́ ni ìyẹn. Wọ́n tẹ́ ẹ, kò sì rí ọ̀nà àbáyọ. Àwọn tó ṣèwádìí lẹ́yìn ìgbà náà rí i pé àdánù tó bá ní ẹ̀tẹ́ àti ìhámọ́ nínú ló lágbára jù láti mú ìrẹ̀wẹ̀sì wá. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ yé máa fi "ikú yá ju ẹ̀sín lọ" wàásù. N kò ní kí ẹ kọ àṣà wa sílẹ̀. Ẹnì kan lè wà lórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn tó ń ro ó wò ní ọjọ́ yẹn gan-an. Bí ẹ bá sì fura sí ẹnikẹ́ni, ẹ béèrè gbangba: ṣé ó ń ṣe ọ́ bíi kí o kú? Ìbéèrè náà kò ní fi èrò náà sí i lọ́kàn. Àwọn tó ń béèrè ló mọ bí ó ti máa ń fi ìtura fún ẹni tí a bi. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ bá a dé ọsibítù lọ́jọ́ náà. Òfin tí a jogún lọ́wọ́ òyìnbó ka ẹni tó gbìyànjú àtipa ara rẹ̀ sí arúfin tó lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan. Ìyẹn wà lára ohun tó ń mú kí ẹbí bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, àmọ́ wọn kì í bo ohunkóhun mọ́ yín lójú.

Ó wá ku ojú kejì, èyí tí ẹ kì í tètè dá mọ̀, torí ó jọ ohun tí ẹ fẹ́ràn.

Arákùnrin tó máa ń jókòó jẹ́ẹ́ ti wá ń gbàdúrà láti alẹ́ di ìyálẹ̀ta. Ó ń rí ìran. Ó ní Ọlọ́run ti fi Ògùn àti Èkó lé òun lọ́wọ́. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ wá fún ìjọ. Gbogbo ìjọ dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Báwo ni a ṣe máa mọ̀ bóyá iná ẹ̀mí ni tàbí àìsàn? Èmi kò lè fún yín ní ìdáhùn ti ẹ̀mí, ṣùgbọ́n mo lè sọ ohun tí nọ́ọ̀sì ń wò. Ẹni tó ṣe àìsùn, oorun á máa kùn ún lọ́jọ́ kejì. Ẹni tí mania ń bọ̀ lára rẹ̀ kò sùn, kò sì rẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá dá a lẹ́kun, ó ń bínú kọjá bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dúró lójú kan. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ má gba mọ́tò náà. Ẹ dá kọ́kọ́rọ́ pa dà fún ẹbí rẹ̀, ẹ sì ní bí ó bá ṣì fẹ́ fi tọrẹ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, a ó gbà á pẹ̀lú ọpẹ́. Mo ti rí ohun tí ojú máa ń rí nígbà tí ara bá wálẹ̀, tí ó jí tí kò sí mọ́tò, kò sí ilẹ̀, tí ìtìjú sì gbé e sọ sínú ìrẹ̀wẹ̀sì tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun rere náà lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èyí sì máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Sheri Johnson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i ní ọdún 2000 pé láàárín àwọn tó ní bipolar, lẹ́yìn tí ọwọ́ wọn bá tẹ ohun tí wọ́n ń lé, ìgbà náà ni àmì mania máa ń pọ̀ sí i. Ìgbéga, àṣeyọrí ìdánwò, kọ́ńtíráàtì. Ọkàn àwọn kan máa ń sáré gan-an sí èrè. Bí ọwọ́ bá tẹ ọ̀kan, wọn kì í sinmi, wọ́n á sọ pé bí mo bá rí èyí, kí ló ń dá mi dúró láti rí mẹ́wàá? Nítorí náà, ẹ máa fojú sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rí ìdúpẹ́ bí ẹ ti ń fojú sílẹ̀ lẹ́yìn òkú.

Lẹ́yìn òkú náà wà. Karl Abraham àti Melanie Klein, àwọn àgbà onímọ̀ ọkàn ayé àtijọ́, gbà pé sísá fún ìbànújẹ́ ni mania. N kò lè gba gbogbo rẹ̀. Ó jọ pé wọ́n fi ìtàn kan ṣoṣo wọ gbogbo ènìyàn. Àmọ́ mo mọ ohun tí ìnáwó Ẹ̀gbá ń ṣe: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsùn dáadáa, aṣọ ẹbí, gbèsè, àlejò, ìlù títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìbànújẹ́ kọ́ ló nìkan ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, oorun tó fọ́ wà níbẹ̀.

Oorun gan-an ni kókó ìwé yìí. Thomas Wehr àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ ní ọdún 1987 pé àìsùn kì í ṣe àmì mania nìkan, ó lè bí i. Ohun yòówù tó bá fọ́ oorun, ìbáà jẹ́ ìrìn àjò, ìbímọ tuntun, ìbànújẹ́ tàbí ayọ̀, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n lè gbà wọlé. Fún ẹni tó bá ti ní bipolar, òru kan lè tó. Ellen Frank ní Pittsburgh sì gbé ìtọ́jú kan kalẹ̀ tó dá lórí èyí: kí aláìsàn máa jí, kí ó máa jẹun, kí ó máa bá ènìyàn pàdé, kí ó sì máa sùn ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Ta ló mọ bí a ti ń ṣe ìyẹn ju ẹ̀yin tó ní ìrun márùn-ún lójúmọ́, tàbí àdúrà òwúrọ̀ àti ti alẹ́? Ọwọ́ yín ni aago wà. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ má fi aago náà fọ́ wọn lórí. Ẹ fún wọn láyè kí wọ́n lọ sílé nígbà tí aago mẹ́wàá alẹ́ bá lù, láìsí pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní aláìgbàgbọ́.

Ààwẹ̀ náà ńkọ́? Àwọn kan nínú wọn ń lo lithium, oògùn tí John Cade, dókítà ará Australia, kọ́kọ́ kọ̀wé pé ó ń tu mania lójú ní ọdún 1949. Ó dára, ṣùgbọ́n bí omi àti iyọ̀ ara bá lọ sílẹ̀, ó lè pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ kí ó sì di májèlé: ọwọ́ á máa gbọ̀n, ẹni náà á máa bì, ẹsẹ̀ á máa takọ. Ààwẹ̀ gbígbẹ ọlọ́jọ́ mẹ́ta kò yẹ ẹni tó ń lò ó. Ẹ̀yin ààfáà mọ̀ jù mí lọ pé Àlùkùránì ti yọ̀ǹda fún aláìsàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu yín, torí bí dókítà bá sọ ọ́, wọ́n á rò pé kò bẹ̀rù Ọlọ́run. Ẹ má sì ní kí ẹnikẹ́ni da oògùn nù láti fi ìgbàgbọ́ hàn. Ẹni tó bá dá lithium dúró lójijì, mania lè pa dà dé kíákíá.

Nílé náà, ọ̀rọ̀ ẹnu ní agbára. Jill Hooley àti John Teasdale bi àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ń ṣe ní ọdún 1989 ní ìbéèrè kan: báwo ni ọkọ rẹ tàbí aya rẹ ṣe ń rí àléébù rẹ sí? Ìdáhùn sí ìyẹn nìkan tọ́ka sí ẹni tí àìsàn máa tún pa dà sí lára. David Miklowitz rí irú rẹ̀ láàárín àwọn tó ní bipolar ní ọdún 1988. Ọ̀lẹ, aláìmọore, ọmọ tó ń tàbùkù ẹbí: àwọn ọ̀rọ̀ tí à ń rò pé a fi ń ta á jí nìwọ̀nyí. Ẹ̀yin ló ń jókòó pẹ̀lú tọkọtaya. Ẹ bá wa sọ fún wọn.

Kì í ṣe ohun tuntun ni mò ń béèrè. Ní ìlú yìí ni wọ́n bí Thomas Adéoyè Lámbò, dókítà ọpọlọ, ní ọdún 1923. Nígbà tó gba iṣẹ́ ní Aró ní ọdún 1954, kò kó gbogbo aláìsàn sínú ògiri. Ó fi wọ́n sí àwọn abúlé tó yí ọsibítù ká, ẹbí wọn wà pẹ̀lú wọn, wọ́n ń sùn láàárín ènìyàn, wọ́n sì ń wá gba ìtọ́jú lójúmọmọ. Ó pe àwọn onísègùn ìbílẹ̀ pé kí wọ́n wá bá òun ṣiṣẹ́, nígbà tí àwọn òyìnbó kan ṣì ń kọ̀wé pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣọ̀wọ́n láàárín adúláwọ̀. Òun àti àwọn olùwádìí láti yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà lọ káàkiri abúlé Yorùbá, wọ́n sì tẹ àbọ̀ wọn jáde ní ọdún 1963: ìrẹ̀wẹ̀sì wà níbẹ̀, ó sì pọ̀. Bí Lámbò bá wà láyé lónìí, ó dá mi lójú pé ẹ̀yin ni ì bá kọ́kọ́ wá bá.

Òfin ìlera ọpọlọ tuntun ti wà láti oṣù kìíní ọdún 2023, ó rọ́pò èyí tó ti wà láti 1958. Ẹni tó bá ṣì ń de ènìyàn mọ́lẹ̀ nínú ilé ìdáǹdè, kí ó tú wọn sílẹ̀. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Àìsùn ìparí ọdún ń bọ̀, oṣù Ràmàdáánì náà yóò sì dé pẹ̀lú tahajjud rẹ̀, ìrun òru. Kí ó tó dìgbà náà, ẹ jẹ́ kí àwọn agbàlejò àti àwọn nọ́ọ̀sì tó wà nínú ìjọ àti mọ́sálásí yín mọ àwọn àmì tí mo kọ yìí. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ kí n wá bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ tàbí ẹgbẹ́ àsàlátù sọ̀rọ̀, n kò ní gba owó. Àárọ̀ Sátidé ló rọ̀ mí lọ́rùn jù. Ọjọ́ mìíràn, ẹ jẹ́ kó di lẹ́yìn ìrun àsárì.

Èmi ni tiyín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,
Nọ́ọ̀sì àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, Abẹ́òkúta.